Bàtà Tó Wà Nínú Ìwé Kérésì

Kérésì tó kọjá yìí, mo ju ìwé. Èmi, àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ju ìwé nílé mi ní Ìbà, ó sì fò kọjá odi, ó bọ́ sí ilé Àlàájà tó múlé tì mí. Kì í ṣe ìwé burúkú o. Ìwé tí mo ti ń retí ni.

Láti ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi ti fẹ́ra la ti ń ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, bàbá kan tó máa ń jẹ gúgúrú nígbà tó bá ń ronú. Ìwé rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ẹni tó ń kọ ọ́ kú, a rò pé ó parí nìyẹn, àfi bí obìnrin kan ṣe gba iṣẹ́ náà, tó ń gbé ọ̀kan tuntun jáde ní gbogbo Kérésì. Mo yínmú. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ kà á ná. Mo kà á, mo gbádùn ẹ̀ dọ́ba, mi ò sì jẹ́wọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Òfin wà nílé wa. Ìyàwó mi á fi píìnì há orí tó gbẹ̀yìn pọ̀, kí ẹnì kankan má baà yọjú wò ó. A ó máa ka ìyókù sókè fún ara wa. Tá a bá dé ibi píìnì, kálukú á kọ orúkọ ẹni tó rò pé ó ṣiṣẹ́ ibi náà sí bébà, á ká a. Ẹni tó bá kùnà ló máa fọ gbogbo ìkòkò Kérésì. Mo fọ ìkòkò títí, ó sú mi. Ìyàwó mi á ní, "Ẹni tẹ́ ẹ bá ti bínú sí lẹ máa ń kọ orúkọ ẹ̀." Òótọ́ ló sọ.

Ìwé Kérésì ọdún kejì sẹ́yìn la ń kà lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn gbé e dè. A ti dé ibi píìnì. Ó ti kọ bébà tirẹ̀, ó ti há a mọ́ píìnì. Èmi ṣì ń ronú, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò padà wálé láti ọsibítù. Mo kó gbogbo ìwé náà sínú àpótí aṣọ rẹ̀, mo tì í. Mi ò yọ píìnì yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá yọ ọ́, ìyẹn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti parí, èmi nìkan ni yóò sì mọ bó ṣe parí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mi ò ra ìwé kankan. Lọ́dún yìí, mo ń kọjá ní Ìyànà Ìbà, mo rí tuntun lórí tábìlì ẹni tó ń tàwé, ọwọ́ mi mú un kí n tó ronú. Mo délé, mo fi píìnì há orí tó gbẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnì kan wà tó máa yọjú wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àlàájà. Ará Ìṣẹ́yìn ni, bàtà tòkunbọ̀ ló ń tà ní Ìyànà Ìbà. Ní gbogbo Iléyá, ó máa ń gbé ẹran wá fún wa nínú abọ́ ńlá. Tó bá di Kérésì, ìyàwó mi á di ìrẹsì àti adìyẹ sínú abọ́ kan náà, á dá a padà. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, abọ́ Iléyá méjì ti jókòó sí kíṣìnnì mi. A kì í dá abọ́ padà lófìfo, èmi ò sì mọ nǹkan kan sè ju ẹ̀bà lọ. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń dúró kí Àlàájà jáde kí n tó ṣí ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Kérésì, mo ti ìsìn dé, mo bọ́ sùtánà mi. Ọmọ mi tó wà lókè òkun pè mí. Mo ń sọ ti ìwé tuntun fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló tún ń ka irú ìyẹn, ó ní iṣẹ́ ń pe òun. Mo jẹ búrẹ́dì àti sadíìnì. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kàwé sókè fún ara mi, bó ṣe mọ́ mi lára.

Ìwé náà dùn gan-an. Ìjọ aláṣọ funfun bíi tiwa ni wọ́n ti pa alága ìjọ nígbà ìsìn. Gbogbo èèyàn ló wọ sùtánà. Ni mo bá dé ibi tí ọkùnrin kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń so okùn bàtà rẹ̀. Bàtà! Pẹ̀lú sùtánà! Inú bí mi burúkú. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà? Mo ní obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan, bàbá tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò jẹ́ ṣe irú ẹ̀. Ni mo bá ju ìwé.

Àlàájà fúnra ẹ̀ ló gbé e wá. Ó ti gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀. Kò sọ ti abọ́. Ó béèrè ohun tí ìwé fi mí ṣe, mo sì rojọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dórí bàtà.

"Ẹni tó wọ bàtà yẹn ló pa á," ó ní.

Mo ní rárá, àṣìṣe ẹni tó kọ̀wé ni.

"Bàbá, bàtà ni mò ń tà, ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Mi ò rí i rí kẹ́ ẹ wọ bàtà sí aṣọ funfun yẹn, kódà nínú òjò. Ẹni tó wọ̀ ọ́, ó yá aṣọ ni. Kì í ṣe ara yín."

Mo yọ píìnì ìwé tuntun náà, mo ka orí tó gbẹ̀yìn. Bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ló rí. Èmi tí mo ti ń wọ sùtánà láti kékeré, ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ rí ni mo ń tìtorí ẹ̀ bá òǹkọ̀wé jà. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì yí padà, mo ń sunkún. Mo ní ìyàwó mi ì bá ti mọ̀. Mo ní mo ṣàárò rẹ̀, ilé yìí dá wà jù.

Àlàájà jókòó. Ó jẹ́ kí n sunkún tó. Ó wá ní òun máa ń gbọ́ wa látorí odi nígbà yẹn, pé tí òun bá ń to bàtà lọ́jọ́ Kérésì, òun á máa fọkàn bá ìtàn lọ títí di ìgbà tá a bá ń kọ orúkọ sí bébà.

"Ti ọdún tí màmá lọ yẹn, ẹ ò parí ẹ̀. Ta ló wá jí ọmọ náà gbé? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó."

Gbogbo àsìkò tí mò ń sá fún un nítorí abọ́, ó ń retí òpin ìtàn lọ́wọ́ mi.

Mo wọ kíṣìnnì. Èmi ni mo kùnà, nítorí náà mo fọ abọ́ rẹ̀ méjèèjì dáadáa, mo gbé wọn fún un lófìfo. Ó gbà wọ́n, ó dúpẹ́, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dìde.

Mo lọ ṣí àpótí. Píìnì náà ti dípẹtà, bébà ìyàwó mi sì wà nídìí ẹ̀ ní kíká. Mo gbé ìwé náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lára píìnì nígbà tí Àlàájà ní kí n dúró.

"Ẹ̀yin ò tíì kọ tiyín," ó ní.

Mo wá bébà, mo kọ orúkọ kan, mo ká a, mo gbé e lé ti ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà, mo yọ píìnì.