Ẹ̀yìn Agolo

Aránṣọ ni. Ojú tó fi ń wo ihò abẹ́rẹ́ náà ló fi ń ka ẹ̀yìn agolo. Àdúgbò ti sọ ọ́ lórúkọ: Bàbá Ẹ̀yìn-Agolo. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ìyá tó ń tajà á ní kí àwọn tó kù wá àga jókòó. Kì í bínú. Ẹ̀pà ni ọ̀tá ọmọbìnrin rẹ̀. Bíńtín báyìí, ètè á wú, ọ̀nà ọ̀fun á dí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ìyàwó, tó wá kí wọn, ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ebi ń pa ọmọ. Aránṣọ rí agolo kòkó lẹ́yìn àwọn abọ́, lókè pátápátá. Ìyá ìyàwó ti tún ilé ìdáná tò nìyẹn. Ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Kòkó. Ṣúgà. Wàrà. Kò sí ẹ̀pà. Ó pò ó fún un.

Ife kò tíì tán tí ọmọ fi ń họ ọrùn.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó béèrè ohun tó jẹ. Aránṣọ na agolo sí i. Ó tún ń kà á sókè. Ẹnu ibẹ̀ ló wà tí ìyá ìyàwó fi dé, omi ìwẹ̀ ṣì wà ní ìdajì ara rẹ̀.

"Bàbá ọmọ, agolo wo lẹ bù?"

Ó fi hàn án.

"Kòkó tèmi nìyẹn. Mo lọ ẹ̀pà mọ́ ọn. Agolo yẹn ti ṣófo, ìdérí ẹ̀ sì le, ni mo bá dà á sínú ẹ̀. Mo gbé e sókè kí ọwọ́ ọmọ má baà tó o."

Ọwọ́ ọmọ kò tó o. Ọwọ́ bàbá ló tó o.

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ fúnra rẹ̀, inú agolo bọ́tà ni bọ́tìnnì wà. Ta ló ń ju agolo nù? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Aránṣọ ní kó dìde. Kò dìde.

Èémí ọmọ ń lọ, ó ń bọ̀, tínínrín. Nọ́ọ̀sì ní kò sóhun tó kù bí kò ṣe kí àwọn dúró. Aránṣọ dúró. Ojú rẹ̀ bá gòkè sára àpò omi tó so rọ̀. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń kà á. Ètè rẹ̀ ń mì. Kò yé e.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì ní, jẹ́jẹ́, "kò sí ẹ̀pà níbẹ̀."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.