Ọjọ́ Tí A Wá Bàbá Sùlé Nínú Kànga

Àtùpà tí a kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kò dé ìdajì kànga tí iná rẹ̀ fi kú. Ọ̀gá mi, Tìjání, fa okùn náà sókè, ó wo àtùpà, ó wò mí.

"Ká ní ìwọ ni mo sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ò bá fà mí sókè, sà."

"Òkú rẹ ni ǹ bá fà."

Apá Ọ̀ṣun ni àwa méjèèjì ti wá. Kànga là ń gbẹ́ kiri láti Àrámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí n tó bá a lọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé afẹ́fẹ́ inú kànga tí wọ́n pa tì lè pa èèyàn. Bí iná bá kú níbẹ̀, a ó di ẹ̀ka igi eléwé mọ́ okùn, a ó máa jù ú sísàlẹ̀, a ó máa fà á sókè, títí afẹ́fẹ́ tuntun yóò fi wọlé.

Ní Ìlogbò lọ́jọ́ yìí, kì í ṣe omi ni wọ́n ní ká wá. Bàbá Sùlé, tó ń ṣòwò obì, mú bútà jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti ṣàlùwàlá. Bútà nìkan ni wọ́n rí, lẹ́bàá kànga àdúgbò. Wọ́n wá a dé Erijiyan, wọ́n wá a dé Ikogosi, wọ́n sọ fún ọlọ́pàá, wọn ò rí i. Ẹni tó gbìyànjú láti wọ kànga náà, èémí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gé, wọ́n sáré fà á jáde. Ni wọ́n bá fi pákó bo kànga náà, kò sẹ́ni tó pọnmi níbẹ̀ mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan kí Ìyá Sùlé, ìyàwó rẹ̀, tó gbọ́ nípa wa.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," ló ń kí wa ṣáá, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ níbẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá Sùlé, wọ ulé lọ. Ohun tí wọn ó fà jáde lè má ṣe é wò."

"Ọkọ mi, ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i. Bó ṣe egungun ni, ẹ jẹ́ n rí i sin."

A fi ẹ̀ka eléwé fẹ́ kànga náà títí; àtùpà kejì dé ìsàlẹ̀, kò kú. Mo so okùn mọ́ ìdí, mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú ọ̀run kò ju àwo ìjẹun lọ. Mo gbọ́n omi tó kù, mo fi ọwọ́ tú ẹrẹ̀ láti etí dé etí. Ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá kàn, mo máa ń rò pé egungun ni: igbá, korobá tó já, ìkòkò tó fọ́. Nígbà tí mo kan àpáta, inú mi dùn débi pé mo pariwo: "Kò sí níbí o!"

Kànga gbé ohùn mi sókè bí ohùn èèyàn mẹ́wàá. Mo retí kí wọ́n hó ìhó ayọ̀.

Nígbà tí mo jáde, Ìyá Sùlé ti dojú bolẹ̀. "Níbo ni kí n tún wá a sí?" ló ń ké. "Níbo ló kù?" Ojú tì mí. Ohun tí mo fi ayọ̀ pariwo ni kò jẹ́ kó lè sinmi.

Ọ̀gá ń ká okùn. "Ìyá, ṣé ká dá pákó padà?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Rárá o. Ẹ gbọ́n ọn kó mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, omi tuntun ti sun. Àdúgbò pé yí wa ká, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan omi náà. Ìyá Sùlé gbé bútà ọkọ rẹ̀ wá, ó ní kí n pọnmi sí i. Ó gbé e sẹ́nu níwájú gbogbo wọn, ó mu ún tán.

"Ọkọ mi kò sí nínú rẹ̀," ó ní. "Ẹ wá pọnmi yín."

Wọn ò tíì rí Bàbá Sùlé títí di bí mo ti ń kọ èyí. Kànga àtijọ́ yòówù tí wọ́n bá pè mí sí, mo máa ń tú ẹrẹ̀ rẹ̀ dé àpáta, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní kí n ṣe é. Bí mo bá sì gba Ìlogbò kọjá, mo máa ń yà kí Ìyá Sùlé. N kì í pariwo mọ́. Màá jókòó tì í, màá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Ìyá, mo wọ kànga kan ní Erijiyan. Bàbá ò sí níbẹ̀."

Yóò mi orí, yóò bu omi kànga náà fún mi, màá sì mu ún.