Àwo Kérésìmesì Tamsin

Ẹ̀gbọ́n mi Beryl kì í jẹun kó tó wo ìdí àwo. Kì í ṣe òun nìkan o. Gbogbo àwa tí wọ́n bí ní Longton níbí, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánganran nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la ní àrùn náà. Ẹ gbé wa lọ sílé ìgbéyàwó, ẹ gbé wa lọ sílé ọ̀fọ̀, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, a ti dojú àwo dé, a ti ń ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ti Beryl ló burú jù. Nígbà tó ṣubú ní oṣù kẹwàá, tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, nọ́ọ̀sì gbé tíì wá bá a lórí ibùsùn. Ó da tíì náà sínú ife omi, kó lè ráyè wo ìdí kọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì rò pé orí ló fi sọlẹ̀.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwo tánganran, títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwo Kérésìmesì ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́: ewé ẹlẹ́gùn-ún, èso pupa wẹ́wẹ́, ẹyẹ kékeré aláyà pupa. Inú ooru ni wọ́n máa ń kùn ún, kó lè dé ṣọ́ọ̀bù kí òtútù tó mú. Nígbà tí àwa yòókù ń wọ aṣọ péńpé kiri ìgboro, orin Kérésìmesì ni Beryl ń kọ, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń ya yìnyín.

Nígbà tó yá, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọ́n kó iṣẹ́ lọ sókè òkun. Beryl sunkún lọ́jọ́ náà, ó sì búra pé títí òun fi máa kú, òun ò ní jẹ oúnjẹ Kérésìmesì nínú àwo òkèèrè. Kò sì yẹ̀ ẹ́. Lọ́dún kan tí ṣọ́ọ̀ṣì se oúnjẹ Kérésìmesì fún àwọn àgbàlagbà, ó wo ìdí àwo, ó tẹ́ bébà ìnuwọ́ sórí itan, ó kó tòlótòló lé e. Pásítọ̀ ń wò ó.

Ìbúra náà kò ni ín lára púpọ̀ tẹ́lẹ̀, torí ilé tirẹ̀ la ti máa ń ṣọdún, nínú àwo tó fọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Ọdún yìí ni ìbàdí ò jẹ́ kó lè dúró pẹ́. Clive, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ká wá sílé òun. Tamsin tí Clive ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sì ní òun lòun máa tẹ́ tábìlì. Ọmọ etíkun Cornwall ni Tamsin, níbi tí èèyàn ti ń jẹun láìwo ìdí nǹkan kan.

Mo tètè dé lọ́jọ́ náà láti ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá ìjẹun, mo dúró sójú kan. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun tó lọ̀ títí ó fi dán, ó to ewéko tútù gba àárín tábìlì kọjá, ó ki àbẹ́là pupa sáàárín wọn. Ó fi okùn pupa so ẹ̀ka kékeré mọ́ aṣọ ìnuwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹyẹ onígíláàsì há etí ife. Àwo sì jókòó níwájú gbogbo àga, ewé ẹlẹ́gùn-ún yí etí wọn ká. Ó dùn ún wò débi pé omi lé sí mi lójú.

Ni ọwọ́ mi bá lọ. Mo dojú àwo kan dé. Òkèèrè ni.

"Clive," mo ní, "o ò sọ fún ìyàwó ẹ?"

Clive ká ọwọ́ lérí. "Mo gbàgbé, Àǹtí Mavis."

"Ìwọ ọmọ Longton. O gbàgbé."

"Kí ló gbàgbé?" Tamsin bi wá.

A ṣàlàyé fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó wá jókòó. Clive ní òun á sáré lọ kó àwo ìyá òun wá.

"Tó o bá kó wọn wá, tábìlì ta ni mo wá tẹ́?" Tamsin ní. "Àtìgbà tá a ti fẹ́ra ni mo ti ń ra àwọn àwo yìí díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kí màmá ẹ jẹun nídìí tábìlì tèmi. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Àánú ọmọ náà ṣe mí. Mo bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kó àwo lọ sí kíṣínì," mo ní. "Ibẹ̀ la ti máa bu oúnjẹ sí i. Kẹ́ ẹ da ọbẹ̀ ẹran lé e dáadáa. Èèyàn kì í dojú àwo ọlọ́bẹ̀ dé."

"Màmá mi ńkọ́?" Clive bi mí.

"Ṣé màmá ẹ kì í ṣe èèyàn ni?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Beryl fi ọ̀pá wọlé. Ó wo tábìlì láti òpin kan dé èkejì. Ó fọwọ́ kan ẹ̀ka, ó tẹ̀ síbi àbẹ́là.

"Ta ló tẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, Màmá," Tamsin dáhùn.

"O ṣe bẹbẹ. Àwo dà?"

"À ń mú un gbóná nínú ààrò," mo tètè gbà á lẹ́nu Tamsin.

"Mavis, ta ló bi ẹ́?"

A fa bébà aláriwo tí wọ́n máa ń fà lọ́dún Kérésìmesì ya, kálukú dé adé bébà tó bọ́ látinú rẹ̀. Oúnjẹ dé: tòlótòló, ọ̀dùnkún díndín, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì wẹ́wẹ́. Clive ti da ọbẹ̀ sí ti ìyá rẹ̀ bí ẹni ń bomi rin oko. Beryl wo àwo. Ó wò mí. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà sókè tòun toúnjẹ, ó gbé e kọjá orí, ó gbé ojú sókè, ó ń wo ìdí rẹ̀.

Ọbẹ̀ kán sórí adé, ó gba iwájú orí, ó dúró sí ṣóńṣó imú. Tamsin di ọwọ́ Clive mú.

"Ẹ bá mi fi jígí sójú," Beryl ní.

Clive fi í sí i lójú.

"Òkèèrè ni," Beryl ní.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ni," Tamsin ní.

"Dákẹ́ ná. Mavis, wo ibí yìí."

Mo ki orí bọ abẹ́ àwo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òkèèrè tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ẹnì kan ti fi búrọ́ọ̀ṣì kán ọ̀dà pupa sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wẹ́wẹ́. Nílé iṣẹ́ Beryl náà, kálukú ní àmì tó ń fi sídìí àwo, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tó kùn ún.

"Àmì ọwọ́ èèyàn ni," mo ní.

"Obìnrin kan ló kùn ún," Beryl ní. "Inú ooru ló sì ti kùn ún." Ó rọra gbé àwo sílẹ̀. Kò nu imú. "Àtìgbà tí wọ́n ti lé wa ni mo ti ń bínú sí i. Mi ò tiẹ̀ rò ó rí pé ẹnì kan ló ń kùn ún."

Ó mú fọ́ọ̀kì, ó gún ọ̀dùnkún, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Tamsin, iyọ̀ ò tó."

Tamsin sáré lọ mú iyọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Inú mi dùn débi pé mo jẹ kábéèjì tí n kì í jẹ.

Nígbà tá a jẹun tán, Beryl ní kí kálukú nu àwo rẹ̀, kó dojú ẹ̀ dé. A fi búrẹ́dì nù ún. Ẹ̀kán pupa mẹ́ta ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù, àmọ́ ti Tamsin ní ìlà kékeré kan tó tẹ̀. Beryl gbé àwo tirẹ̀ àti ti Tamsin lé itan, ó ń wo ewé ara wọn.

"Eléyìí yára lọ́wọ́. Ẹni yìí ní sùúrù. Wọ́n jókòó ti ara wọn ni, wọ́n á máa ṣòfófó." Ó gbójú sókè. "Tamsin, wàá ra díẹ̀ sí i lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n rà sí i ni, Màmá?"

"Rà á o," Beryl ní. "Kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn."