Ìlà Funfun Lára Káàdì Aláboyún

Òórùn ike gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Riviera, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, nígbà yẹn, òun àti òórùn sípíríìtì tí a fi ń nu inú ẹ̀rọ tó ń tẹ káàdì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé ni, ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà wà nínú àpò mi, ìgbéraga díẹ̀ sì wà lára mi. Obìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti Àjàṣẹ́ wá ṣe tíṣà láyé àwọn Faransé ló gbà mí síṣẹ́. Tàǹtí la máa ń pè é. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí inú bá ń bí i, Faransé ló máa ń bọ́ sí.

Ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Songon ló gbé iṣẹ́ wá fún wa: káàdì fún àwọn aláboyún wọn, tó ní fọ́tò, orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ tuntun la fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́. Tàǹtí kọ́ mi bí mo ṣe máa tò ó kí iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ́: kí n nu eruku ara káàdì, kí n má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, kí n fi sípíríìtì nu orí tó ń tẹ àwọ̀, kí n wá tẹ ẹyọ kan dánwò, kí n sì gbé e lọ sójú fèrèsé kí n wò ó fínnífínní. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe, àfi pé ìkánjú ni mo fi nu orí ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tí mo gbé káàdì ìdánwò sójú fèrèsé, mo rí ìlà funfun kan, tín-ín-rín bí irun, tó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá láti etí kan dé ìkejì. Mo rí i o. Mo sọ fún ara mi pé fọ́tò ṣáà mọ́, ta ni yóò máa wá irun kiri lára káàdì? Mo tẹ ọgbọ̀n, awakọ̀ ilé ìgbẹ̀bí sì wá kó wọn lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, wọ́n ní kí a tún ọ̀kan tó sọnù tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi í wé orúkọ tí wọ́n kọ ránṣẹ́. Nínú ìwé wọn, O négatif ni obìnrin náà, èyí tí wọ́n ń kọ bíi O pẹ̀lú ìlà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára káàdì, O nìkan ló wà níbẹ̀. Ìlà funfun yẹn ti gba orí ìlà kékeré náà kọjá, ó ti gbé e mì. Bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí wọ́n bá kọ O lásán fún, pozitif ni. Mo gbé e lọ bá Tàǹtí.

Tàǹtí ò pariwo. Ó wo káàdì, ó wò mí, ó gbé fóònù. Orúkọ mẹ́rin ló jẹ́ négatif nínú ìwé wọn, ó sì ń kà wọ́n sí agbẹ̀bí ilé ìgbẹ̀bí náà létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ìkẹta, agbẹ̀bí dá a dúró.

“Ìyẹn ti bímọ,” ó ní. “Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. O ni mo rí lára káàdì rẹ̀, mo sì ní kó máa lọ sílé.”

Ó ṣàlàyé fún wa. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá jẹ́ négatif, tí tọmọ sì jẹ́ pozitif, abẹ́rẹ́ kan wà tí ìyá gbọ́dọ̀ gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ara rẹ̀ má baà bá oyún tó ń bọ̀ jà. Òwúrọ̀ ọ̀la ni ọjọ́ mẹ́ta náà máa pé. Ó fi fóònù mìíràn pe ọkọ obìnrin náà, kò lọ. “Ará Nàìjíríà ni wọ́n,” ó ní. “Èmi nìkan ló wà níbí, ẹni tó ń rọbí sì wà níwájú mi. Ẹ rán èèyàn lọ sílé wọn.” Ó sì júwe ilé náà fún wa.

Mo bọ́ sínú gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀, ní Adjamé. Ọkọ̀ kún, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi, bí a sì ṣe kọjá Attécoubé ni gbogbo ọkọ̀ dúró gbagidi. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí, kí ara èèyàn jókòó kí ọkàn rẹ̀ máa sáré. Ohun tí mo ń tún sọ nínú ara mi ní gbogbo ọ̀nà ni pé, ẹ̀rọ ló ṣe é.

Agogo márùn-ún ti ń lù lọ nígbà tí mo rí ilé náà, lẹ́yìn ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ń jó irin. Ọkọ ò sí nílé. Obìnrin náà, ọmọ Èjìgbò, jókòó lórí ẹní, ó ń fún ọmọ lọ́mú.

“Ẹ kú ewu ọmọ,” mo ní, mo sì sọ ohun tó gbé mi wá.

Ó fetí sílẹ̀ tán. “Bùrọ̀dá, ẹ̀rọ yín ló wá ṣe báyìí?”

Ẹnu mi ti ṣí láti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ojú ọmọ náà là sílẹ̀. “Rárá,” mo ní. “Mo rí àbùkù yẹn kí n tó tẹ̀ wọ́n. Mo gbójú fò ó.”

Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣíwájú mi lọ sí títì. A wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, pozitif ni. Oòrùn ò tíì wọ̀ tán tí wọ́n fi gún ìyá lábẹ́rẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní, “Ó dáa tí ẹ wá fúnra yín,” ó sì bọ́ sọ́nà ilé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Tàǹtí tú ẹ̀rọ náà. Eruku bíńtín kan tí kò tó ẹyọ iyọ̀ ló lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Mo nù ún kúrò, a sì tún gbogbo káàdì tẹ̀. “Ẹ̀rọ ti sọ fún ọ,” Tàǹtí ní.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́ náà. Wọ́n máa ń rò pé ẹwà fọ́tò là ń wá. Èmi ò lè rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó máa ka káàdì yẹn lọ́jọ́ ìṣòro ò ní ráyè bi mí pé kí ni mo fẹ́ kọ. Ohun tó bá rí ló máa gbà gbọ́. Àwọn èèyàn ń pe ohun tí mo ṣe ní àṣìṣe, wọ́n fẹ́ fi tù mí nínú. Ẹni tí kò rí nǹkan ló ń ṣàṣìṣe. Obìnrin yẹn nìkan ni mo sọ òtítọ́ rẹ̀ fún, àfi ìwọ tí mò ń sọ ọ́ fún lónìí.