Ìyá Bùsíi Láàárín Ewúrẹ́

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Bùsíi fi se oúnjẹ nílé ìwé kan kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ọmọ tó bá ti wò ó lójú, á bù sí i fún un. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. Nígbà tí Dókítà kan tó ń ṣèwádìí wàrà ewúrẹ́ gbà á síṣẹ́, gbogbo ilé ló dúpẹ́: ewúrẹ́ ò kúkú lẹ́nu tí yóò fi tọrọ.

Ewúrẹ́ mẹ́jọ yóò máa jẹ koríko gbígbẹ àti èèrí àgbàdo. Mẹ́jọ yòókù yóò jẹ ẹ́ pẹ̀lú èso olóróró tí wọ́n lọ̀. Dókítà ṣàlàyé pé àpòlúkù ewúrẹ́ dà bí ìkòkò tí oúnjẹ ń kan nínú rẹ̀, pé àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń bá a da koríko. Bí oúnjẹ bá yí, iṣẹ́ wọn á yí, ọ̀rá inú wàrà náà á sì yí.

Ó yé e. Àmọ́ láràárọ̀, tó bá ń gbé garawa èso kọjá, àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ á yọrí, wọn á máa wò ó. Ó mójú kúrò fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀kúnwọ́ èso fún wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àyẹ̀wò wàrà jáde. Ọ̀rá ewúrẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ṣoṣo ló yàtọ̀, Dókítà sì fàlà pa á, ó ní bóyá ara rẹ̀ ò yá ni. Dókítà fúnra rẹ̀ ò jẹun mọ́. Àánú ṣe Ìyá Bùsíi, ló bá gbé abọ́ ìrẹsì lọ bá a.

"Ẹ jẹun, Dókítà. Ẹ ti ń rù."

"Mà, oúnjẹ wọn yàtọ̀. Kí ló dé tí ọ̀rá wọn ò yàtọ̀?"

"Oúnjẹ wọn tẹ́ ẹ wí yẹn," ni ó fèsì, "kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà mú bírò.

"Ẹ̀kúnwọ́ mélòó?"

"Ọ̀kan láàárọ̀. Mi ò ṣojúsàájú."

"Gbogbo wọn?"

"Àfi èyí tó máa ń fi ìwo kàn mí. Ìyẹn ò tọ́ ọ wò."

Dókítà wo ìlà tó fà sínú ìwé, ó sì fa abọ́ ìrẹsì náà mọ́ra.

Kò lé e. Wọ́n tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ látorí, wọ́n ti yàrá èso pa, wọ́n sì ní kí Ìyá Bùsíi máa fún wàrà nìkan. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba, Dókítà ń rẹ́rìn-ín kiri. Ìyá Bùsíi ò bá a yọ̀ púpọ̀. Ó ní ẹni tó bá ń jẹ òróró, ara rẹ̀ ló máa sọ. Òun ò mọ̀ pé ó tó ohun tí à ń fojú ewúrẹ́ mẹ́jọ gbolẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ká tó gbà.