Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Fóònù

Ẹnu ìyàwó mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní Ìsẹ́yìn níbí, bó ṣe ń ro ẹ̀kọ lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ṣakí kò bá wa ṣe mọ́. "Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń kí àwọn nínú ẹgbẹ́ yín."

Ẹgbẹ́ náà ń ṣe ètò kan tí yóò máa ka Yorùbá sókè láti inú fóònù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù ú lè wo bí a ṣe hun ún, kó sì tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Tẹ̀dé ló ń darí wa. Èmi kàn ń bá wọn wá ọ̀rọ̀ ni. Àna mi yìí ni etí wa. Kò ríran láti kékeré, etí ló fi ń lo fóònù. Bí ètò náà bá gbé ohùn gba ibi tí kò yẹ, òun ló ń mú un. Bó bá lọ, ta ni yóò sọ fún wa bóyá iṣẹ́ wa wúlò fún ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ń ṣe é?

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló sì yà mí lẹ́nu jù. Olùdarí wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wa lọ sí ibi ìpàdé tuntun kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó rẹwà bí yàrá ìyàwó. Bílẹ̀ bá ti ń mọ́, àwòrán ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja àti ti obìnrin tó kúnlẹ̀ á máa tò wọlé, gbogbo rẹ̀ fún àna mi.

Èmi àti ọmọbìnrin tó ń darí wa náà lọ bẹ̀ ẹ́ ní Ṣakí. Ó fún wa lómi, ó gbé fóònù sáàárín wa, ó fọwọ́ kàn án. Fóònù ní: "Àwòrán. Àwòrán. Bọ́tìnì. Àwòrán."

"Àna mi," ó ní, "èwo nínú àwọn ọmọ yín ló ń jẹ́ Bọ́tìnì?"

Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀. "Bàbá, ìkíni ni gbogbo àwòrán yẹn, sà. À ń dọ̀bálẹ̀ fún yín ni."

Àna mi ní: "Látọjọ́ yìí lẹ ti ń dọ̀bálẹ̀, ẹ ò sì lanu?" Ẹ̀rín gbé e lọ.

A jókòó, à ń dán àwọn ibi ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Ibi tí fóònù rẹ̀ bá ti ń pe bọ́tìnì láìsọ iṣẹ́ bọ́tìnì, a pa á tì. Yàrá ìyàwó ló kọ́kọ́ lọ. Èyí tó jẹ́ ohùn nìkan, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́, nítorí adití ni ẹnì kan nínú wa ní Kìṣí. Ó wá ku ímeèlì àtijọ́, tí wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò yéé lò. Etí lè kà á, ojú lè kà á, nẹ́tíwọ̀kì Tẹ̀dé sì lè gbé e. Mo kàn tún fìlà mi ṣe.

Àna mi padà, a sì fi í ṣòfin pé ọ̀rọ̀ la ó máa fi kíni. Kò pẹ́ ló pè mí. Wọ́n ń kí i kú òwúrọ̀, kú ọyẹ́, kú iṣẹ́, kú ilé, kú àìríra. Ó ní fóònù òun ṣì ń kí òun lọ́wọ́, kò tíì débi iṣẹ́. Ó ní kí n bá wọn sọ ọ́, kí n má sì dárúkọ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ọmọ ta lẹ ó kọ́kọ́ lọ bá pé kó dín ìkíni àgbà kù?