Kògbọdọ̀já àti Orin Oníwákàtí Kan

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò mọ̀ jù nípa Kògbọdọ̀já ni ti awakọ̀ takisí. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ ní àsọdùn, nítorí náà ó yẹ ká kọ́kọ́ tún un ṣe. Kò sáré lé mọ́tò náà bí àwọn kan ṣe ń wí. Mọ́tò náà dúró jẹ́ẹ́ níwájú iná pupa. Kò sì fọ́ gíláàsì; gíláàsì ti wà nísàlẹ̀ kó tó débẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bàbá náà ń kọjá lọ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó sì gbọ́ orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ sórí sídíì láti inú takisí náà. Orin kẹrin parí, gbogbo nǹkan dákẹ́, kí ìkarùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ bọ́tìnì, ó yọ sídíì, ó sì tì í bọ inú ọ̀rá búrẹ́dì.

"Olè!" ni obìnrin tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò figbe ta.

"Ẹ má bínú, mà. Àlàfo ló wà nínú rẹ̀."

"Àlàfo wo?" ni awakọ̀ bi í. "Bàbá, mo ṣì ń gbọ́ orin mi lọ́wọ́!"

"Ìṣẹ́jú àáyá méjì gbáko! Ṣé o fẹ́ kí ayé gbọ́ irú èyí, kí wọ́n wá ní èmi ni mo ṣe é ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé sídíì tuntun lọ bá awakọ̀ náà ní gáréèjì, ó sì dúró tì í títí orin karùn-ún fi wọlé. Títí di òní, awakọ̀ yẹn a máa sọ fún àwọn èrò rẹ̀ pé olè kan ṣoṣo lòun mọ̀ tó jí nǹkan lọ tún ṣe.

Iṣẹ́ atún-rédíò-ṣe ló kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí rédíò kò bàjẹ́ tó mọ́, ó ra kọ̀ǹpútà kan, ó sì ń kọ orin sórí sídíì fún àwọn tó gba ohùn ara wọn sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó tàbí eré ilé ìwé. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, jókòó sídìí máṣíìnì níwájú, òun jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn.

Ẹ̀rọ tó ń kọ sídíì kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an ló ń jẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó kìlọ̀ fún un, á fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì sáàárín orin kan àti èkejì. Sídíì tún máa ń ka orin ní ègé-ègé, ègé márùndínlọ́gọ́rin nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá gé orin sí agbedeméjì ègé, ẹ̀rọ á fi òfo dí ìyókù, ibẹ̀ á sì dún "tó" bí ẹni ta èékánná mọ́ àwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ ọ. Kògbọdọ̀já a máa gbọ́ ọ láti òdìkejì títì. "Kò gbọdọ̀ já," ló máa ń wí, ibi tó sì ti gba orúkọ nìyẹn.

"Ohun tí mò ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà, "ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ mi fi ń ṣe é, kò sì sí aṣọ níbẹ̀ téèyàn máa rí wọ̀."

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ọkùnrin tó kórìíra àlàfo nínú orin yìí, àlàfo ló kún ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Béèyàn bá bi í léèrè, á kọ́kọ́ wo òrùlé. Lọ́jọ́ kan, onígbàjámọ̀ tí wọ́n jọ pín ògiri wí fún un pé, "Bàbá, ìṣẹ́jú àáyá méjì kò tó kéèyàn fi sín." Kògbọdọ̀já wo òrùlé. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí ìwọ náà bá gbàgbé ẹ̀rọ rẹ sórí oníbàárà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ṣé orí á ṣì rí bó ṣe wà?" Èsì náà dára gan-an, àmọ́ onígbàjámọ̀ ti gẹ orí ènìyàn méjì kó tó dé.

Ọ̀rọ̀ olórí akọrin nìkan ni kò mú ẹ̀rín wá níbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ti ra sítáńbù tán kì í tètè lọ. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ orin méjìlá ní gbọ̀ngàn ilé ìwé fún wákàtí kan gbáko láìdúró, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí orin kan bá ń parí lọ, òun nìkan ló máa fi ohùn gbé e bọ́ sínú èkejì. Lẹ́yìn náà ni dókítà rí kókó kan ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n máa yọ ọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Dókítà ní ẹ̀mí rẹ̀ kò sí nínú ewu. Ohùn rẹ̀ lòun kò lè ṣèlérí.

"Ọ̀gá," ló wí fún Kògbọdọ̀já ní ọjọ́ Ajé, "ẹ pín in sí méjìlá kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè rí orin tí wọ́n bá ń wá, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó já. Mo fẹ́ gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀ kí n tó wọlé lọ bá wọn. Ó lè jẹ́ pé ohùn tó kù fún mi láyé nìyẹn."

Ó padà wá ní ọjọ́rú. Aránṣọ dá máṣíìnì dúró, gbogbo wọn sì tẹ́tí. Orin kìíní ṣàn bọ́ sínú èkejì bí òróró. Èkejì bọ́ sínú ẹ̀kẹta. Aránṣọ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n olórí akọrin gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ọ̀gá, ibo ni mo ti mí?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ibo ni mo ti mí! Mo fa èémí gidi kí n tó gbé orin kejì. Ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ibo ló wà?"

Kògbọdọ̀já wo òrùlé. "Mo gé e kúrò," ló wí nígbẹ̀yìn. "Àlàfo ni."

"Àlàfo kẹ̀! Èémí mi lẹ pè ní àlàfo! Háà, ẹ ti pa mí kí dókítà tó fọwọ́ kàn mí!"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ tó fi ẹnu há fi bọ́ sílẹ̀. "Olówó orí mi, ojú rírán yín dára o, ṣùgbọ́n ẹ ti rán ọrùn aṣọ pa. Ibo ni orí máa gbà yọ?"

Ọkùnrin náà fẹ́ jiyàn. Olórí akọrin ní kó dákẹ́, ó sì gbìyànjú láti kọ ibi tí orin méjèèjì ti so pọ̀ bí ọkùnrin náà ṣe gé e, láìmí. Kò dé ìdajì tí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ máa lọ sílé, mà," ni Kògbọdọ̀já wí, kò sì wo òrùlé rárá. "Mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Ìdákẹ́ ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ìdákẹ́ ènìyàn."

Ọjọ́bọ̀ ló fi dá èémí mọ́kànlá padà sí àyè wọn. Gbogbo ibi tó ti gé orin ló tún sún sẹ́yìn, kí orin kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí tirẹ̀. Ẹ̀rọ ba sídíì mẹ́ta jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọjọ́ Ẹtì ló tó wọ ilé ìwòsàn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì fi íápíìsì ẹ̀rọ sídíì kékeré kan bọ olórí akọrin létí.

Orin oníwákàtí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè parí ní aago mẹ́wàá. Ọmọdé mọ ìṣirò yìí. Nọ́ọ̀sì tó ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà wọlé ní aago mẹ́wàá gééré náà mọ̀ ọ́n.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká dá a dúró. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á gbọ́ ìyókù."

"Dá a dúró? Nọ́ọ̀sì, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń jìyà kó má baà dúró!"

"Dókítà ń retí wa o."

"Ẹ máa tì í lọ. Èmi á máa gbé e tẹ̀ lé yín."

Báyìí ni wọ́n ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń ti bẹ́ẹ̀dì, Kògbọdọ̀já sì gbé ẹ̀rọ sídíì sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ẹyin, nítorí bí ẹ̀rọ yẹn bá gbọ̀n, orin á fò. "Ẹ rọra! Ẹ rọra níbi gegele yẹn!" Àwọn aláìsàn yọjú wò wọ́n, wọ́n rò pé oògùn olówó iyebíye ló wà lọ́wọ́ bàbá. Dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ pẹ́ báyìí?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, dókítà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. Ìgbà yẹn lòun náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde.

Dókítà wo obìnrin tó dùbúlẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé, omi ń ṣàn níbẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Dókítà fara ti ògiri. "Ó dáa," ló wí. "Mẹ́ta."

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, kókó kúrò, àmọ́ ohùn ìgbà yẹn kò padà. Olórí akọrin ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí, kò sì lè gbé orin mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, Kògbọdọ̀já kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan lórí àga rẹ̀, íápíìsì ń bẹ létí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun bi í bóyá ó ti jẹun, òun sì dúró de èsì bí òun ṣe máa ń dúró.

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, olórí akọrin a máa fi sídíì yẹn sínú ẹ̀rọ ní pálọ̀ rẹ̀. Béèyàn bá kan ilẹ̀kùn, kì í pa á. Á ṣílẹ̀kùn, á nawọ́ sí àga, á sì rọra wí pé, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó parí." Àwọn àlejò ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí nǹkan bá ń kán lójú kì í yà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ètè rẹ̀ bó ṣe ń bá orin méjèèjìlá lọ látòkèdélẹ̀. Ohùn kò jáde, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tó yẹ kó mí tí kò mí.